Káàdì Tó Kọ Ẹ̀yìn sí Mẹ́kà

Itan àgbò ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ilẹ̀ la jà sí, tàbí ogún, tàbí ọkùnrin. Ẹran ni. Ní agboolé wa ní Ẹdẹ, ẹni tó bá pa àgbò lọ́dún Iléyá gbọ́dọ̀ fi itan kan ránṣẹ́ sí ẹni tó dàgbà jù lọ nínú àwọn ọmọ ilé. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè ní òun ò mọ̀. Ẹni tó dàgbà jù náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Alájue, nítorí pé Alájue lẹ́bàá Ẹdẹ ni wọ́n ń gbé, tí wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ àti ilá. Àwọn náà ló tọ́ mi. Ìyá tó bí mi kú nígbà tí mi ò tíì gbọ́n, ẹ̀yìn Ìyá Alájue ni mo gbé dàgbà, oúnjẹ ọwọ́ wọn ni mo jẹ tí mo fi sanra tó báyìí.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọkọ mi gbé itan náà fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ojúgbà ni wá, a jọ ka ìwé mẹ́wàá ni, ẹ má bínú pé mi ò pè é ní "wọ́n". Nínú ọ̀rọ̀ yìí pàápàá, kò tọ́ sí i. Ó ní ìgbéga ni òun ń wá. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ìgbéga náà ṣì wà lọ́nà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì ọdún, Ìyá Alájue dé, wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n béèrè ìpín wọn. Mo ní apá ló kù. Wọ́n ní àwọn kò jẹ apá rí láti ọjọ́ tí àwọn ti di àgbà ilé. Mo ní apá náà lẹ́ran lára. Wọ́n ní àwọn ò sọ pé kò lẹ́ran lára. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti yọ.

Mo ní, "Ìyá, ẹran la pín, kì í ṣe ogún."

Mo ṣì gbà pé òótọ́ ni mo sọ. Bí wọ́n bá jí mi lójú oorun, ohun tí n ó sọ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́ ló ṣeé sọ sí ojú ẹni tó pọ̀nni. Wọ́n dìde, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n ní ó ti yé àwọn. Wọ́n ní kí ẹni tó jẹ itan máa ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé ìjà ẹbí kì í pẹ́ kó tó rẹ̀ ẹ́. Mẹ́kà ló kó wàhálà bá mi. Kí ọdún tó yípo, àwọn ọmọ wọn ní Ìyá máa lọ sí Hájì. Ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà lọ́dọ̀ tiwa kì í kàn gbé báàgì. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ káàkiri ilé àwọn èèyàn láti tọrọ àforíjì, kó sì dárí ji àwọn náà, torí pé ẹni tó bá kú síbẹ̀ kò ní padà wá bẹ ẹnikẹ́ni. Ìyá Alájue lọ káàkiri lóòótọ́. Wọ́n lọ sílé ẹni tí wọ́n bá jà nítorí ààlà oko. Wọ́n lọ sílé obìnrin kan tí ewúrẹ́ rẹ̀ máa ń jẹ ẹ̀gẹ́ wọn. Mo gbọ́ pé wọ́n dárí ji obìnrin náà, wọ́n dárí ji ewúrẹ́, wọ́n sì fọwọ́ pa á lórí. Wọ́n kọjá níwájú ilé tiwa lọ, wọ́n tún kọjá bọ̀. Wọn ò yà.

Ó dùn mí wọnú egungun. Ìwé àti bírò ni mò ń tà ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo jókòó sáàárín wọn mo ń sunkún, nígbà tí oníbàárà sì bi mí léèrè, mo ní ata ló ta sí mi lójú. Ó wo ìwé, ó wo bírò, ó sanwó rẹ̀, ó lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kò ju ọ̀kan lọ. Àgbà ni Ìyá Alájue, ooru Mẹ́kà kì í sì í ṣe ooru Ẹdẹ. Bí wọ́n bá lọ tí wọn ò bọ̀, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹran yẹn ló máa jẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo sọ kẹ́yìn sí obìnrin tó sọ mí di èèyàn.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò dìde kí n lọ bá wọn. Èmi kọ́ ni mo gbé itan lọ. Ẹni tó gbé e lọ ló yẹ kó lọ bẹ̀bẹ̀, àbí irú kí nìyẹn? Mo rán ọkọ mi. Bí Ìyá ṣe gbọ́ ìró ọ̀kadà rẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ kírun. Ó jókòó dè wọ́n. Wọ́n parí ìrun ọ̀sán, wọ́n fi nọ́fílà lé e, wọ́n tún fi òmíràn lé nọ́fílà, wọ́n ń forí kanlẹ̀ wọ́n ń dìde, títí ebi fi lé ọkọ mi padà wálé. Ó ní òun ò rí ẹni tó ń fi ìrun lé àlejò rí. Mo wá pè wọ́n lórí fóònù. Ìyàwó ọmọ wọn tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ló gbé e, ó ní Ìyá ò sí nílé. Mo sì ń gbọ́ ohùn Ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ ọ ní ibi tó máa sọ pé wọ́n lọ.

Ìgbà náà ni mo rántí káàdì.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta káàdì ìkíni ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti pẹ́ tí àwọn káàdì náà ti ń bí mi nínú. Ọ̀kan wà tí yìnyín bo ilé mọ́lẹ̀ lórí rẹ̀, tí ẹyẹ kan tí mi ò rí irú rẹ̀ rí bà lé ẹ̀ka igi tí kò léwé. Kí ará Ẹdẹ fi ìyẹn kí ẹni tó bímọ nínú ọ̀gbẹlẹ̀? Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn obìnrin kan lórí fóònù tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe káàdì, tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí i, tí wọ́n sì ń mú kí àwòrán yọ sókè lára ìwé débi pé èèyàn lè dijú kó fọwọ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mo ní èyí gan-an ni mo ń wá.

Àwọn obìnrin orí fóònù máa ń ra òǹtẹ̀ tiwọn ni. Àtẹ́lẹsẹ̀ sálúbàtà ọkọ mi ni mo fi gbẹ́ tèmi. Rọ́bà rẹ̀ rọ̀, abẹ máa ń gé e bó ṣe yẹ, íńkì sì máa ń dúró lórí rẹ̀. Bó bá ti gbó díẹ̀ ló máa ń dára jù, tèmi kò sì gbó tó tirẹ̀. Ó wá sálúbàtà náà títí nígbà tó fẹ́ ṣe àlùwàlá, mo bá a wá a, mo tilẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti gé ìràwọ̀ àti ewé jáde lára ọ̀tún, mo sì ti ń wo òsì.

Ti yíyọ sókè yẹn ló le. Àtíkè kan wà tó ní àwọ̀ wúrà, Òṣogbo ni mo ti rà á lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó. Bí èèyàn bá lu òǹtẹ̀ tán tí íńkì ṣì tutù, á bu àtíkè yìí lé e, á gbọn èyí tí kò lẹ̀ padà sínú ike, á wá fi iná yá ìyókù. Àtíkè náà á yọ́, á wú, á máa dán gbinrin. Àwọn ará orí fóònù ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ iná sí i. Èmi lọ yá áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ́wọ́ télọ̀ tó múlé gbè mí, mo ń gbé ìwé sókè rẹ̀ díẹ̀ láì jẹ́ kó kàn án. Àkọ́kọ́ pọ́n bí iṣu sísun. Èkejì gbaná, tíì ọkọ mi ló sún mọ́ ọn jù, òun ni mo fi pa á.

Lọ́jọ́ kan tí mo da àtíkè sínú àwo pẹrẹsẹ kí n lè máa rí i bù, wọ́n ṣàdédé mú iná dé. Mi ò mọ̀ pé a ò pa fáànù látìgbà tí iná ti lọ. Ọkọ mi jókòó ní ìdojúkọ mi, ó ń mu ẹ̀kọ. Wúrà gbéra nínú àwo, ó kọjá lójú mi, ó bà lé e. A gbọn aṣọ rẹ̀, a da ẹ̀kọ nù, àkókò ìrun ìrọ̀lẹ́ ti tó, ó sáré jáde. Kò sẹ́ni tó rántí irùngbọ̀n nínú wa. Nígbà tó dé, ó ní èèyàn méjì ló fa òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní mọ́sálásí, wọ́n ń rọra béèrè bóyá nǹkan ń lọ dáadáa nínú ilé.

Mo sọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ̀ pé mi ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú káàdì Ìyá Alájue. Mo ní bí wọn ò bá gba ọkọ mi, tí wọn ò gba fóònù, wọn ò ní lè kọ ohun tó rẹwà tó èyí tí mo fẹ́ ṣe. Ìyá mọ kéwú dáadáa, àmọ́ wọn ò mọ ìwé tiwa kà, nítorí náà àwòrán ló gbọ́dọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀. Mo rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ nípa àrokò: pé kí ìwé tó dé, nǹkan ni àwọn baba wa máa ń dì ránṣẹ́, ẹni tó bá gbà á á wò ó, á sì mọ ohun tí wọ́n ní kí wọ́n sọ fún òun. Owó ẹyọ méjì tó bá kọjú síra, ìfẹ́ ni, ìrẹ́pọ̀ ni. Mo ní Ọlọ́run ló fi èyí sí mi lọ́kàn.

Mo gbẹ́ owó ẹyọ kan sára rọ́bà kan, mo gbẹ́ ìkejì sára òmíràn, bí èèyàn ṣe máa rí wọn láti ẹ̀gbẹ́: ẹ̀yìn wọn tó rí rogodo, àti ẹnu wọn tó ní eyín wẹ́wẹ́. Mo to rọ́bà méjèèjì síwájú mi lórí tábìlì, wọ́n kọjú síra bí ọkọ àti ìyàwó tuntun. Ó wù mí débi pé mo pe ọkọ mi wá wò ó. Mo tún gbẹ́ Káábà, ilé Ọlọ́run tó wà ní Mẹ́kà, ìyẹn kò le. Ti bàálù, mi ò lo òǹtẹ̀. Ọ̀nà mìíràn wà tí kò gba íńkì tàbí iná: mo gé àwòrán bàálù síta lára páálí líle, mo fi páálí náà ti gíláàsì fèrèsé, mo gbé ìwé lé e, mo wá ń fi ìdí ṣíbí ra ẹ̀yìn ìwé náà, kí ìwé lè wọnú ihò páálí kó sì yọ sókè níwájú. Mo kọ imú bàálù sí apá ibi tí mo mọ̀ pé Káábà máa wà. Ìyẹn ni pé Ìyá ń lọ, wọ́n á sì dé.

Ohun tí ẹnikẹ́ni tó ń lu òǹtẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé ohun tó bá kọjú sí ọ̀tún lára rọ́bà, òsì ló máa kọjú sí lára ìwé. Ohun tí èèyàn bá sì fi ẹ̀yìn ìwé tẹ̀, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe máa rí níwájú. Mo mọ̀ ọ́n. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Àwọn ìràwọ̀ àti ewé tí mo ti ń lù tẹ́lẹ̀ ni kò ní ọ̀tún kò ní òsì, èyíkéyìí tó bá kọjú sí, ìràwọ̀ náà ni. Lọ́jọ́ tí mo wá ṣe káàdì Ìyá, rọ́bà ni mo ń wò, mi ò wo ìwé. Nígbà tí wúrà yẹn sì wú, tó ń dán, ojú mi kò rí nǹkan mìíràn mọ́. Mo ṣí inú káàdì, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí Ọlọ́run mú Ìyá wa lọ ire, kó mú wọn bọ̀ ire, kí wọ́n sì forí jì mí. Mo fi han ọkọ mi. Ó ní ó dára. Ẹ̀rù wúrà yẹn ni kò jẹ́ kó sún mọ́ ọn kó wò ó dáadáa.

Ìyàwó ọmọ wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti ra ìwé fún àwọn ọmọ rẹ̀, òun ni mo fi káàdì rán. Mo sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Mo ti ń ro bí Ìyá á ṣe rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìyàwó yìí pè mí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó bi mí léèrè pé kí ni Ìyá ṣe fún mi gan-an tó tó báyìí.

Ó ní Ìyá gba káàdì, wọ́n fọwọ́ pa á, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn. Àgbẹ̀ ni bàbá yìí, òun àti gbogbo ilé rẹ̀ ń bọ òrìṣà, Ìyá Alájue tí tẹ̀sùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ wọn kò sì ní ọ̀rẹ́ mìíràn tó tó o ní gbogbo Alájue. Láti ìgbà èwe ni wọ́n ti ń bá ara wọn jiyàn ẹ̀sìn. Kò sẹ́ni tó tíì yí ẹnì kejì padà, àmọ́ wọn kì í jẹ iṣu tuntun láìjọ jẹ ẹ́. Bàbá yìí mọ àrokò, ó wo káàdì mi, wọ́n sì jọ kà á. Owó ẹyọ méjì kọ ẹ̀yìn síra: ẹni tó fi ránṣẹ́ ní kò sí ohun kan láàárín àwa méjèèjì mọ́. Bàálù kọ ẹ̀yìn sí Káábà, imú rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà ilé: ẹni tó fi ránṣẹ́ ní kí Ìyá má débẹ̀.

Mo ní ṣé kò ka ohun tí mo kọ sínú rẹ̀ fún wọn ni. Ó ní òun kà á, Ìyá ní ẹnu lásán nìyẹn, pé ẹni tó fẹ́ tani lófà náà máa ń kọ́kọ́ kíni. Ó ní gbogbo ẹni tó ń wá kí Ìyá pé ó dìgbà ni wọ́n ń fi káàdì náà hàn. Wọ́n ní, "Ẹ wá wo ohun tí ọmọ tí mo tọ́ fi sìn mí lọ sí Mẹ́kà." Ó sì ní ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé Ìyá lọ sí pápákọ̀ òfúrufú.

Mo ti ṣe ẹ̀dà káàdì náà kan tí mo fẹ́ tà. Mo fà á yọ, mo wò ó. Yéè, mo gbé. Owó ẹyọ méjèèjì kọ ẹ̀yìn síra bí orogún tó jà. Bàálù ń sá kúrò níbi Káábà tàgbáràtàgbára. Mo wá ohun kan lórí káàdì yẹn tí kò kọ ẹ̀yìn sí nǹkan, mi ò rí. Mo jókòó sórí páálí bírò, ó sì wó mọ́ mi nídìí.

Mi ò dúró kí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù padé tán. Mo kó rọ́bà, íńkì, fóòmù tí mo fi ń ti íńkì sára rọ́bà, páálí bàálù àti ìwé sínú lailọ́ọ̀nù, mo gun ọ̀kadà. Mo ní kí ọlọ́kadà máa sáré. Ó ní òun ń sáré. Mo ní kò sáré. Ó ní ohun tí òun gbé kò jẹ́ kó sáré. Lọ́jọ́ mìíràn, à bá jọ sọ ọ́, àmọ́ mo gbé e mì. Gbogbo ọ̀nà ni mò ń ro bí Ìyá ṣe jókòó, tí wọ́n gbà pé èmi, èmi tí wọ́n fi omi gbígbóná wẹ̀ fún nígbà tí ara mi ń gbóná, pé èmi ni mo ń gbàdúrà kí àwọn má dé ibi tí àwọn ń lọ. Omi ń bọ́ lójú mi, atẹ́gùn ń gbé e lọ sí etí.

Nígbà tí mo dé, wọ́n wà lórí ẹní níwájú ilé, bàbá aládùúgbò wọn jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn àlejò bíi mélòó kan wà níbẹ̀, káàdì mi sì wà láàárín wọn, ó ń dán nínú oòrùn. Wọn ò sá wọlé lọ kírun. Ìyẹn ló yẹ kí n kọ́kọ́ fiyè sí. Mo tẹ eékún kan nítorí pé lailọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ mi, mo kí wọn, mi ò sì dúró gba èsì kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo kó rọ́bà jáde. Mo ní kí gbogbo èèyàn wò ó, pé lára rọ́bà wọ́n kọjú síra, àbí wọn ò kọjú síra? Wọ́n ní wọ́n kọjú síra. Mo lù ú sórí ìwé, mo ní kí wọ́n wá wò ó báyìí. Mo lù ú sí apá mi. Mo gba ọwọ́ bàbá náà láìtọrọ àyè, mo lù ú sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo yọ páálí bàálù, mo ń yí i síwá sẹ́yìn, mo ń ṣàlàyé bí ẹ̀yìn ìwé ṣe ń di iwájú. Òógùn bò mí, íńkì kún ọwọ́ mi, mo ti fi nu ojú. Àwọn àlejò ń fi aṣọ bo ẹnu. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wò mí ṣáá.

Bàbá náà wo owó ẹyọ tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó kọjú sí Ìyá. Ó ní, "Mo ti sọ fún ọ láti àná pé ọmọ yìí kò mọ ohun tó ń ṣe. Ìwọ lo ní kí n dákẹ́."

Mo wo bàbá, mo wo Ìyá. Mo ní, "Ìyá, ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

Wọ́n ní kí ni àwọn ì bá mọ̀ ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní àwọn mọ ọmọ tí àwọn tọ́, pé ẹnu rẹ̀ ló burú, inú rẹ̀ kò burú. Wọ́n gbé káàdì náà, wọ́n fi ìka tọ wúrà rẹ̀. Wọ́n ní ó rẹwà, àwọn ti fi han gbogbo Alájue bó ṣe rẹwà tó, kí ìròyìn burúkú lè tètè dé Ẹdẹ.

Wọ́n wá wò mí lójú. Wọ́n ní, "O rán ọkọ rẹ wá. O rán fóònù. O rán ìwé. Ìgbà wo lo fẹ́ rán ara rẹ?"

Lailọ́ọ̀nù bọ́ lọ́wọ́ mi. Eékún kejì kúnlẹ̀ ti èkíní nínú erùpẹ̀, mo sì dorí kodò. Ìyá ní lọ́jọ́ tí àwọn ń lọ káàkiri, àwọn kọjá níwájú ilé mi lọ, àwọn sì dìídì gba ibẹ̀ padà, kì í ṣe pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní àwọn rọra ń rìn kí n lè jáde pe àwọn. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnnì lọ́jọ́ náà. Mò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń rọra rìn, mo rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n.

Ohùn wọn wálẹ̀. Wọ́n ní, "Mẹ́kà jìnnà. Bí mo bá kú sọ́hùn-ún, ta ni n ó sọ fún pé mi ò bínú sí ọ mọ́?"

Mo bú sẹ́kún, kò sì sẹ́ni tí mo sọ fún pé ata ni. Wọ́n gbé ọwọ́ lé orí mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdúà, wọ́n pè mí ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni kì í pè mí mọ́ láti kékeré. Bàbá aládùúgbò wọn ń ṣe àṣẹ sí i, àwọn àlejò ń ṣe àmín. Wọ́n ní àwọn ti forí jì mí, àmọ́ kí ọkọ mi má tíì máa yọ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ di ìgbà tí àwọn bá dé. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n dìde, pé ilẹ̀ náà le, eékún mi á bó. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣì wà níbẹ̀. Wọn ò gbé ọwọ́ wọn kúrò.